Orúkọ Tí Kò Bá Ìrísí Mu: Lámèyítọ́ Lórí Òkìtì Amọ̀ Nsude àti Ìṣirò Rẹ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí kò mọ sí orí ọmọ ènìyàn nìkan. Ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ pẹ̀lú, ó yẹ kí a wo bí ó ti rí kí a tó fún un ní orúkọ. Nígbà tí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ náà yóò máa sọ ohun tí nǹkan náà kò jẹ́, ẹni tí ó bá sì gbà á gbọ́ yóò ṣi ìṣirò rẹ̀ ṣe. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú orúkọ tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń pe àwọn òkìtì amọ̀ Nsude, ní ẹ̀bá ìlú Enugu.

Ìlú Enugu fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ bí orúkọ ti lè ṣí kúrò ní ìdí ohun tí ó ń tọ́ka sí. “Orí òkè” ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Ìgbò, abúlé Enugu Ngwo tí ó wà lórí òkè ni ó sì kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí èédú inú ilẹ̀ ní agbègbè náà ní 1909, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, ìlú tuntun hù ní ẹsẹ̀ òkè, ó sì gba orúkọ orí òkè mọ́ra. Kò sí ẹni tí èyí pa lára. A kì í fi orúkọ ìlú ṣe ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ Nsude yàtọ̀. Ẹni tí ó bá gba ìhà ìwọ̀-oòrùn jáde ní Enugu, tí ó gun òkè Milliken, yóò dé Ninth Mile. Nsude, ní agbègbè Udi, kò jìnnà sí ibẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òkìtì amọ̀ mẹ́wàá wà ní ìgbà kan, tí a tò ní márùn-ún márùn-ún. G. I. Jones, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kí ó tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Cambridge, ya àwòrán wọn láàárín 1930 sí 1939. Amọ̀ kì í ṣe òkúta; òjò a máa fọ̀ ọ́, a sì ní láti máa tún un mọ. Nítorí náà, àwòrán àti ìwọ̀n díẹ̀ ni ó pa ìrísí wọn mọ́ fún ẹni tí ó ń kà nípa wọn lónìí. Nínú àkọsílẹ̀ tí ó wọ́pọ̀, ìpele ìsàlẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ìwọ̀n àyíká rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60. Ìwọ̀n àyíká ìpele tí ó gun un lórí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 45. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpele róbótó náà ń gorí ara wọn títí dé òkè pátápátá, níbi tí a ri ọ̀pá kan mọ́ láti fi hàn pé ibẹ̀ ni ibùgbé òrìṣà.

“Pírámíìdì Nsude” ni orúkọ tí a fún wọn. Ìdí tí a fi yàn án kò ṣòro láti mọ̀. Ayé ti gbọ́ nípa Íjíbítì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ayé gbọ́ nípa ilẹ̀ Ìgbò yóò fẹ́ fi èyí tí ayé mọ̀ júwe èyí tí kò mọ̀. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí kò bá sí tiwọn, ọ̀rọ̀ àwọn òkìtì náà ìbá ti wọlẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, ẹ̀wù àyálò ni orúkọ náà. Bí kò bá fún ni lápá, yóò ṣò ní ọrùn. Iyì tí ó wá láti ara pé nǹkan wa jọ ti ẹlòmíràn kò tó iyì tí ó wà nínú pé a wo nǹkan náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí gan-an.

Kí ni pírámíìdì? Ìdí rẹ̀ jẹ́ onígun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ẹ̀gbẹ́ náà sì ń fara tì títí wọn yóò fi pàdé ní ojú kan ṣóńṣó lókè. Ìlànà ìṣirò rẹ̀ kò gùn: a ó wá fífẹ̀ ìdí rẹ̀, a ó fi gíga sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì pín in sí mẹ́ta. Pírámíìdì ńlá ti Khufu ní Giza ní ìdí tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 230, ó sì ga tó nǹkan bíi mítà 146 nígbà tí a kọ́ ọ. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, àyè tí ó gbà lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Íjíbítì fúnra wọn kò fi ojú kan náà wo gbogbo ohun tí ó ń fara tì lọ sókè. Nínú ìwé ìṣirò àtijọ́ wọn tí ó wà ní Moscow, tí a ti kọ láti nǹkan bí 1850 ṣáájú ìbí Kristi, ìbéèrè kan wà lórí pírámíìdì tí a gé lórí: ìdí rẹ̀ jẹ́ 4, orí rẹ̀ jẹ́ 2, gíga rẹ̀ jẹ́ 6. Akọ̀wé náà kò ṣe é bí ẹni pé ó ní ṣóńṣó. Ó fi ìwọ̀n ìdí, ìwọ̀n orí àti àjọṣe àwọn méjèèjì wọ inú ìṣirò, ó sì rí 56, èyí tí ó tọ̀nà. Ó wo nǹkan kí ó tó ṣírò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wo òkìtì Nsude bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé kò ní igun, kò sì fara tì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìpele kọ̀ọ̀kan dàbí agolo fífẹ̀ tí kò ga: ìsàlẹ̀ rẹ̀ róbótó, òkè rẹ̀ róbótó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Agolo kékeré ni ó jókòó lórí agolo ńlá. Ìrísí àkópọ̀ ni èyí, èyí tí a kò lè fi ìlànà kan ṣoṣo wá ìwọ̀n rẹ̀. A ní láti tú u sí ìpele ìpele, kí a wá ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó kó wọn pọ̀.

Ohun tí àkọsílẹ̀ fún ni ni ìwọ̀n àyíká, èyí tí okùn lè wọ̀n. Láti ara àyíká, ọ̀nà wà láti dé ibi tí a ń lọ: a ó fi ìwọ̀n àyíká sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó fi gíga sọ èyí tí a rí di púpọ̀, a ó sì fi pai lọ́nà mẹ́rin, tí í ṣe nǹkan bíi 12.57, pín in. Bí a bá mú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, ìpele ìsàlẹ̀ yóò gba àpótí 859. Bí ìpele kejì bá ga tó ti àkọ́kọ́, yóò gba 483. Ibí yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀. Àyíká ìpele kejì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Ojú lásán yóò sọ pé amọ̀ rẹ̀ náà yóò jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìndínlógún ni, ìyẹn ni pé ó lé díẹ̀ ní ìlàjì, nítorí pé nígbà tí àyíká bá dín kù, gígùn àti ìbú ni ó jọ dín kù.

Kí a lè rí ibi tí orúkọ àyálò náà ń gbé ni lọ, ẹ jẹ́ kí a mú òkìtì kan fún àpẹẹrẹ, tí ó ní ìpele mẹ́rin, tí ìpele kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí àyíká wọn sì jẹ́ 60, 45, 30 àti 15. Ìpele kẹta yóò gba àpótí 215, ìkẹrin yóò gba 54. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,611. Kí ẹni tí ó gba orúkọ náà gbọ́ wá ṣe tirẹ̀. Pírámíìdì ni wọ́n pè é, nítorí náà yóò fún un ní ìdí onígun mẹ́rin. Àyíká 60 yóò sọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan di 15. Fífẹ̀ ìdí yóò jẹ́ 225. Gíga àpapọ̀ jẹ́ 12. Yóò pín in sí mẹ́ta, yóò sì rí 900. Àpótí 711 ti pòórá. Bí ó bá tilẹ̀ ṣàkíyèsí pé òkìtì náà róbótó, tí ó sì ṣe é bí òkòtó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, 1,146 ni yóò rí, àpótí 465 yóò sì tún sọnù. Èjìká àwọn ìpele, ìyẹn ibi tí agolo ńlá ti yọ jáde lábẹ́ agolo kékeré, ni ìlànà òkòtó gé dànù.

Àpótí tí ó sọnù yìí kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Amọ̀ ni, ènìyàn ni ó sì rù ú. Bí ẹrù orí kan bá jẹ́ ìlàjì àpótí, òkìtì àpẹẹrẹ yìí gba ẹrù tí ó lé ní 3,200. Ẹni tí ó fi ìlànà pírámíìdì ṣírò rẹ̀ ti yọ ẹrù 1,422 kúrò lórí àwọn tí wọ́n rù ú. Bí òkìtì mẹ́wàá bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó ti yọ ẹrù tí ó lé ní 14,000. Orúkọ tí a fún wọn láti fi bu iyì fún wọn ni ó dín iṣẹ́ wọn kù tó bẹ́ẹ̀. Ó tún fi ìdí àtúnmọ pamọ́. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí ohun ṣóńṣó yóò ṣàn lọ. Èyí tí ó bá rọ̀ sórí òkìtì onípele yóò dúró ní èjìká ìpele kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa wọ inú amọ̀ lọ.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ní Saqqara ní Íjíbítì, ilé ìsìnkú ọba Djoser ní ìpele mẹ́fà, pírámíìdì sì ni ayé ń pè é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kì í pè é ní pírámíìdì kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n a máa fi kún un pé onípele ni, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìlànà ìdá kan nínú mẹ́ta kò bá a mu. Igun mẹ́rin sì ni ti Djoser ní, Nsude kò ní igun kankan. Bí àwọn ará Nsude bá ní orúkọ tiwọn fún ohun tí baba wọn mọ, òun ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Ní èdè Yorùbá, “òkìtì onípele” tó. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti rí bí a ti ń mọ ògiri amọ̀ tí kò ní yé: a ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí a tó mọ òmíràn lé e. Orúkọ náà ti sọ bí a ṣe kọ́ nǹkan náà, ó sì ti sọ bí a ó ṣe ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀bi náà kò wà lọ́rùn àwọn tí ń kọ̀wé nípa ìrìn-àjò afẹ́ nìkan. Àwọn ìwé ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ní ìpín nínú rẹ̀. Ìrísí àkópọ̀ wà nínú ohun tí ìgbìmọ̀ WAEC ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, ìbéèrè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ ọ̀kan náà: agolo kan tí a fi ìlàjì bọ́ọ̀lù dé lórí, tàbí tí a fi òkòtó lé lórí. A ti ya àwòrán rẹ̀, a ti fi ìlà pín in, a sì ti kọ ìdajì ìdábùú rẹ̀ sí i. Ìdajì ìdábùú náà sábà máa ń jẹ́ 7, kí 22 lórí 7 lè bá a pín láìsí wàhálà. Kò sí amọ̀kòkò kan tí ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fi 7 mọ ìkòkò. Ohun tí ó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó ṣe ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀. Iṣẹ́ wíwò, tí í ṣe olórí iṣẹ́ náà, ìwé ti bá a ṣe é. Gbé irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí iwájú òkìtì Nsude, yóò béèrè ìdajì ìdábùú. Ta ni yóò lu amọ̀ já dé àárín gbùngbùn rẹ̀ láti wá a fún un? Okùn nìkan ni ó lè yí i ká.

Okùn kì í sì í ṣe àjèjì ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Nínú ìwé Helen Verran tí ó jáde ní 2001, ẹni tí ó ti kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ìròyìn wà nípa olùkọ́ kan tí ó fún àwọn ọmọ ní okùn àti páálí kékeré. Wọ́n fi okùn wọn gíga ara wọn, wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí, wọ́n sì ka iye ìgbà tí ó yí i. Ọ̀nà náà kò rí bí ti ìwé, ṣùgbọ́n ó yé àwọn ọmọ náà. Ṣáájú èyí, láti 1970, iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa jẹ́ òpómúléró rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. A ti rí i pé èdè náà lè gbé e. Ohun tí ó kù ni kí a ṣọ́ irú ọ̀rọ̀ tí a ń fi gbé e.

Sílíńdà, kónù, pírámíìdì: a ti ya gbogbo wọn wọlé. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èdè tí kò bá yá ọ̀rọ̀ yóò kú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ “kónù” kò rí nǹkan kan, èyí tí ó gbọ́ “òkòtó” ti rí ẹnu róbótó àti ìdí ṣóńṣó. Ọ̀rọ̀ ilé náà sì ní ewu tirẹ̀, èyí tí àwọn tí ń gbé e lárugẹ kì í fẹ́ sọ. Òkòtó lọ́ bí ìgbín. Ti ìwé kò lọ́. Agolo ṣófo, ìpele Nsude kún fún amọ̀. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá ń pe ohun tí a ń wá ní “àyè inú” yóò kọsẹ̀ nígbà tí ó bá dé ìdí ohun tí kò ní inú. “Àyè tí nǹkan gbà” ni ó bá gbogbo wọn mu, ìbáà ṣe ìkòkò, ìbáà ṣe òkìtì. Odó yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn: àyè tí odó gbà ní ilé ìdáná jẹ́ ọ̀kan, àyè tí iyán gbà nínú rẹ̀ jẹ́ èkejì, igi tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi sílẹ̀ sì ni ìyókù nígbà tí a bá yọ èkejì kúrò nínú èkíní.

Àwọn tí wọ́n mọ ìrísí àkópọ̀ jù lọ kò tilẹ̀ ka ìwé rẹ̀. Obìnrin tí ń ta gàrí yóò bu kóńgò kún, yóò sì kó o lórí títí yóò fi yọ ṣóńṣó. Agolo ni ìsàlẹ̀, òkòtó ni orí rẹ̀. Oníbàárà tí ojú rẹ̀ là mọ̀ pé orí náà kò tó bí ó ti fara hàn. Bí ṣóńṣó náà bá ga tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga agolo, ìdá kan nínú méjìlá ohun tí ó wà nínú agolo ni ó fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ọjà yóò sì máa wò ó bí ẹni pé èènì ńlá ni. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ní Enugu tàbí ní Oǹdó kò nílò àwòrán tí ó ní 7 nínú. Kóńgò, gàrí àti okùn wà ní ọjà.

Ní ti òkìtì Nsude, iṣẹ́ kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi àwòrán Jones ṣe. Gíga ìpele ìsàlẹ̀ ti di mímọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹni tí ó bá fi rúlà wọn ìpele náà nínú àwòrán, tí ó sì fi rúlà kan náà wọn èyí tí ó wà lókè rẹ̀, yóò lè fi ti ìsàlẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún ìyókù, yóò sì kúrò ní orí àpẹẹrẹ tí a fi ọkàn dá. Kí ó ṣọ́ra fún nǹkan kan. Ìpele òkè jìn sẹ́yìn ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí pé èjìká ìpele ni ó jókòó lé. Ohun tí ó bá jìn sí ẹ̀rọ ayàwòrán a máa kéré lójú, nítorí náà gíga tí yóò rí fún àwọn ìpele òkè yóò dín díẹ̀ ní ohun tí ó jẹ́ gan-an, pàápàá bí ayàwòrán náà bá dúró nítòsí.